Àgádágodo Tí Àrólé Ṣe fún Bàbá Rẹ̀

Bí wọ́n bá ní kí a to àwọn tó gbọ́n lójú ara wọn ládùúgbò yẹn sórí ìlà, Àrólé ló máa ṣíwájú. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ o. Bàbá rẹ̀ ni oníkọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń ṣe àgádágodo, tó ń ṣí èyí tó há, tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó sọ tirẹ̀ nù. Nígbà tí ọmọ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bàbá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Àrólé, orúkọ náà sì wọ̀ ọ́ lórí bíi fìlà. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, irun orí rẹ̀ ti ń dágbére, ṣùgbọ́n tó bá ti mú kọ́kọ́rọ́ kan dání báyìí, á máa wò ó bí ẹni pé òun ló dá irin sáyé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó jókòó sórí àga oníke nínú yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn, ó ká ọwọ́ gbera, ó fajú ro. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ìlú mìíràn ló fi tẹlifóònù lé e débẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó ní àìsàn ìgbàgbé nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, wákàtí méjì lọ́sẹ̀. O ò ní kú síbẹ̀."

Àrólé ní kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun nípa bàbá òun tí òun kò mọ̀?

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ni ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn. "Lọ." Ó sì pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Bàbá ti ń gbàgbé. Orúkọ ènìyàn ló fi bẹ̀rẹ̀, ó dórí ọ̀nà ilé, ó wá dórí bí wọ́n ṣe ń wọ bàtà. Ìyàwó Àrólé ló ń bójú tó o látìgbà náà, ọkọ rẹ̀ sì ń rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn obìnrin bímọ, ìyàwó sì lọ bá a tọ́ ọmọ tuntun. Láti bí oṣù méjì, ó ku Àrólé àti Bàbá nìkan nínú ilé, ojú Àrólé sì ti rí màbo.

Ènìyàn mẹ́jọ ló jókòó yí tábìlì gígùn ká. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Obìnrin kan wà tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe tíṣà, ọkọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, òun náà sì ń wo gbogbo wọn bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wọn kúrú, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ènìyàn ní láti pa ẹnu mọ́ kó tó lè gbọ́ ọ. Bóyá ọgbọ́n tó ń dá nìyẹn.

Ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pín ibọ̀wọ́ nínípọn fún wọn, irú èyí tí àwọn tó ń jó irin máa ń wọ̀. Ó ní kí wọ́n di òwú sétí. Ó fún wọn ní awò ojú tó ti fi fásílìnì kùn, gbogbo yàrá sì ṣú bàìbàì lójú wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan síwájú wọn pé kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé wọn lórí.

"Ẹ ṣe kíá! Kí ló ń ṣe yín? Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún yín ni! Bọ́tìnnì lásán!"

Àrólé tó lè fi ojú dídì tú àgádágodo palẹ̀ kò rí bọ́tìnnì kan dè. Òógùn bò ó. Inú bí i débi tó fi ju ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!" Ó tún fi èébú kan tì í lẹ́yìn tí a kò ní kọ síbí.

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bá a yọ òwú kúrò létí.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré nìyẹn, ọ̀gá," ló wí. "Ẹni tí ẹ fi sílé ti wà nínú rẹ̀ látàárọ̀."

Ó wá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn. Ó ní àìsàn yìí kì í ṣe orí kunkun, kì í ṣe ìwà burúkú, kì í sì í ṣe pé àgbàlagbà fẹ́ fi ayé ni ènìyàn lára. Ó ní ọpọlọ ló ń ṣá díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì ń bá a jiyàn, ara rẹ̀ ló ń dá lóró. "Bí wọ́n bá sọ pé àwọn fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ẹ má sọ pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́wàá. Ẹ béèrè pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe lónìí. Ibi tí wọ́n wà, ẹ bá wọn débẹ̀. Àwọn ò lè wá bá yín níbi tí ẹ wà mọ́."

"Ká wá máa purọ́ fún wọn?" ni Àrólé béèrè.

Kí Nọ́ọ̀sì tó dáhùn, obìnrin tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. "Ọdún méjì," ló wí. "Ọdún méjì ni mo fi ń máàkì ọkọ mi. Tó bá sọ̀rọ̀, mo ti fa igi lé e. 'Kò tọ̀nà. Kò tọ̀nà. Tún un sọ.' Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni." Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo ilẹ̀, oníkálùkù ti rántí tirẹ̀.

Awakọ̀ ló tún sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá òun kì í gbélé. Tí òun bá ṣíjú báyìí, ó ti dé òpópónà, ó ń wá ilé tí wọ́n ti wó láti ìgbà tí òun wà ní kékeré. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ẹlòmíràn náà ní irú ìṣòro yìí.

Ojú ṣì ń ti Àrólé nítorí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ojú bá sì ń tì á máa wá ibi tó ti lè fi hàn pé òun náà mọ nǹkan. Ó nawọ́ sókè.

"Èmi ti yanjú tèmi," ló wí. "Bàbá mi náà ń jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àwọn ènìyàn mú wọn wá fún mi láti ibùdókọ̀. Mo fi àgádágodo tuntun sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi pínnì irun ìyàwó mi ṣí i. Mo ra òmíràn tó wọ́n, wọ́n fi ìdí ṣíbí ṣí i. Ẹ sáà mọ̀ pé oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n. Wọ́n lè gbàgbé orúkọ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò gbàgbé iṣẹ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ara Àrólé yá gágá. Ó fa àga súnmọ́ tábìlì, ó wá sọ fún wọn bí òun ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mọ́kànlá, tí òun ṣe àgádágodo kan tí irú rẹ̀ kò sí lọ́jà. Ahọ́n irin mẹ́ta ló ń wọ inú férémù ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ yí láti inú. Ẹni tó wà nínú ni o, ẹni tó wà lóde ni o, kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i, kọ́kọ́rọ́ náà sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó tún fi irin pẹlẹbẹ bo pákó ilẹ̀kùn lójú méjèèjì. Fèrèsé ti ní irin tẹ́lẹ̀ nítorí olè.

Ohun tí kò sọ fún wọn ni ayọ̀ tó yọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, nígbà tó dé tó bá Bàbá nínú ilé, tó sì rí ibi tí ṣíbí ti ha ara irin yíká tí irin kò gbà. Ó fọwọ́ pa ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Lójoojúmọ́ ló ń wo bí ibi tó ha náà ṣe ń pọ̀ sí i, bí ẹni tó ń wo èsì ìdánwò tó ti yege. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n Àrólé gbà pé òun ti ní aṣọ, òun ti ní àkísà, òun sì ti ta ọ̀gá òun yọ. Kò wò ó pé ọ̀gá náà kò mọ̀ pé ìdíje kankan wà.

"Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí," ló fi parí ọ̀rọ̀, "ẹsẹ̀ wọn ò kan òpópónà." Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ń dúró de ìyìn. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Kò sí ẹni tó yìn ín. Nọ́ọ̀sì fi bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ní ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, níbo ló wà?"

"Inú àpò mi."

"Àpò wo?"

"Àpò ṣòkòtò tí mo wọ̀ yìí." Ó fọwọ́ gbá a, irin sì dún níbẹ̀.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

Àrólé fọwọ́ bo àpò náà. Gbogbo ojú tó wà nínú yàrá náà ti kúrò lójú rẹ̀, ó ti bọ́ sára àpò ṣòkòtò rẹ̀.

"Bí iná bá sọ ńkọ́?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè. "Bí wọ́n bá ṣubú? Bí ohun kan bá ṣe ẹ̀yin fúnra yín lọ́nà, ta ló máa mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ilé yẹn?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Àrólé rántí pé nígbà tí òun ń jáde nílé, Bàbá ń béèrè tíì. Òun sì ní kí wọ́n ní sùúrù, òun ò ní pẹ́ dé. Kẹ́tù wà lórí sítóòfù. Ìṣáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló fi ronú nípa bí Bàbá kò ṣe ní lè jáde. Kò fi ìṣẹ́jú kan ronú nípa bí wọ́n ṣe máa jáde.

Awakọ̀ ló fà á lápá. "Ọkọ̀ mi wà níta. Ẹ dìde."

Nọ́ọ̀sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ gbọ́, ọ̀gá. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ bá wọn débẹ̀. Tí ẹ bá sì ti rí wọn, ẹ pè mí." Ó ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí pépà kan, ó sì fi í sí Àrólé lọ́wọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń fún ọmọdé ní nǹkan.

Nínú ọkọ̀, Àrólé di kọ́kọ́rọ́ náà mú títí eyín rẹ̀ fi wọ ọ́ lára. Wọ́n kọjá iná ojú pópó kejì.

"Èmi máa ń so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi tí mo bá fẹ́ sùn," ni awakọ̀ wí lójijì. Ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà. "Mo so ìdí kejì mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. N ò sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ojú ń tì mí. Mo ní kí n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ má baà rò pé ẹ dá wà."

Àrólé wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ayé yìí mà ṣòro o. Àwọn tó fẹ́ràn ara wọn ló ń de ara wọn lókùn báyìí, láìsí ẹnì kan tó kọ́ wọn ní ohun tí wọn ì bá ṣe.

Aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló kọ́kọ́ rí wọn nígbà tí wọ́n dé. Ó ti jáde síta, ó di tépù ìwọnṣọ mọ́ ọrùn, ó ń gbóòórùn afẹ́fẹ́.

"Àrólé, kí ló ń jóná nínú ilé yín? Mo ti ń kanlẹ̀kùn láti ìgbà yìí, Bàbá ò ṣí i."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohùn wọn?"

"Báwo ni n ò ṣe ní gbọ́? Ṣebí lójoojúmọ́ ni. Tí o bá ti jáde báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀kùn, kírà kírà, títí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á máa sọ pé, 'Má sunkún, mo ń bọ̀.' Mo rò pé rédíò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Àrólé kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Èéfín tín-ín-rín ń gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, kọ́kọ́rọ́ wọlé dé ìdajì, ó dúró. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún dúró. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí ihò náà, ó rí i pé wáyà ti kún inú rẹ̀. Bàbá ti ká irin tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ, ó ti kì í bọ̀ ọ́ láti inú, ó sì há síbẹ̀. Àgádágodo tó dára jù lọ tí Àrólé ṣe láyé rẹ̀ ti tì í síta.

"Bàbá! Ẹ yọ wáyà yẹn!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni! Ẹ yọ ọ́ kíá! Kí lẹ gbé sórí iná? Ẹ lọ pa á! Ṣebí mo sọ fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kan sítóòfù!"

"Olè," ni Bàbá dáhùn láti inú, ohùn rẹ̀ sì le. "Kò sí ohun tí o máa rí jí níbí. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi."

Àrólé fi èjìká kọlu ilẹ̀kùn. Irin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn mọ́ ọn kò mira. Ó tún kọlù ú, èjìká rẹ̀ dún, kò mira. Lẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ ń bá àwọn panápaná sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń ṣàpèjúwe òpópónà fún wọn, aránṣọ sì ń sáré gbé korobá omi bọ̀, ó ń pe gbogbo ẹni mímọ́ tó mọ orúkọ wọn. Èéfín ti ń nípọn. Àrólé lọ sí fèrèsé, ó fọ́ gíláàsì rẹ̀, ó na ọwọ́ gba àárín irin, ọwọ́ kò dé ibì kankan. Ó padà sí ẹnu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan irin, kò sì mọ̀ pé òun ti ń sunkún sókè.

Ìró híha dákẹ́ nínú ilé.

"Ta ló ń sunkún?" ni Bàbá béèrè. Ohùn náà ti rọ̀, ó ti súnmọ́ ilẹ̀ bíi pé òun náà ti kúnlẹ̀. "Ṣé ìwọ ni, ọmọ mi? Má sunkún mọ́. Mo ti sọ fún ọ pé mo ń bọ̀."

Ohun kan yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Búrẹ́dì ni, ègé kan tí wọ́n ti tẹ̀ pẹlẹbẹ bíi pépà kó lè gba ibẹ̀ kọjá.

"Gbà, jẹ ẹ́. Ebi á ti máa pa ọ́ níbẹ̀ yẹn."

Àrólé wo búrẹ́dì náà. Ó wá yé e. Kì í ṣe òpópónà ni Bàbá ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n tì mọ́lé. Ó gbà pé ọmọ kékeré kan ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, ọmọ tirẹ̀, pé ẹnì kan ló tì í mọ́ inú òkùnkùn, òun tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo oníkọ́kọ́rọ́ kò sì rí i ṣí. Ojúmọ́ ń mọ́, ó ń gbìyànjú. Ilẹ̀ ń ṣú, ọmọ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi wò ó: ìyà wo ló tún ju ìyẹn lọ, èyí tí ènìyàn lè fi jẹ bàbá rẹ̀?

"Bàbá, ẹ̀yin ni..." ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ há, kì í ṣe èmi. Ó gbé e mì. Ó nu imú. "Bàbá," ló wí, "ó ti sú mi níbí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ ṣí i fún mi."

"Mo mọ̀. Ta ló tì ọ́ mọ́bẹ̀?"

"N ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Má bẹ̀rù. Ṣé irin kankan wà lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀?"

"Kọ́kọ́rọ́ kan wà, Bàbá. Wáyà yín ni kò jẹ́ kó wọlé."

Bàbá húkọ́, ó húkọ́ gan-an, èéfín ti ń mú un lọ́fun. Àrólé fi eyín di ètè mú kó má baà pariwo. Ó gbọ́ tí wáyà ń ha inú ihò, díẹ̀, díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò kánjú láyé rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, wáyà bọ́ sílẹ̀.

"Ó yá, fi í bọ̀ ọ́," ni Bàbá wí. "Má kàn án nípá. Irin kì í gbọ́ ìbínú. Ṣé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé."

"Yí i. Jẹ́jẹ́. Tó bá dún lẹ́ẹ̀kan, dúró kó simi. Ó tún kù. Ṣé o gbọ́ ọ?"

Àrólé gbọ́ ọ. Òun ló ṣe é, ó sì mọ iye ìgbà tó yẹ kó dún, ṣùgbọ́n ohùn inú ilé yẹn nìkan ló ń tẹ̀ lé. Ahọ́n kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ilẹ̀kùn ṣí.

Awakọ̀ fò kọjá lórí wọn wọ inú ilé, aránṣọ tẹ̀ lé e pẹ̀lú korobá. Kẹ́tù ti pọ́n, ìdí rẹ̀ ti yọ́, aṣọ ìnuwọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti di eérú, iná sì ti ń lá ara kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè. Wọ́n da omi sí i, ó kú. Awakọ̀ jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i ni. Kò parí ọ̀rọ̀ náà, ó gbé fóònù, ó sọ fún àwọn panápaná pé iná ti kú.

Bàbá kò wo ẹ̀yìn rárá. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú Àrólé mú, Àrólé tó ga jù ú lọ, tí orí rẹ̀ ti pá. Èékánná méjì ti ya dé ìdí lọ́wọ́ Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ níbẹ̀. Àrólé ti ń rí ọwọ́ yẹn lójoojúmọ́. Ó ti ń fi ìpara sí i.

"Ṣé wọ́n nà ọ́?"

"Wọn ò nà mí, Bàbá."

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹ búrẹ́dì tí ẹ fún mi."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó wá yíjú sí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó fi àtàńpàkò wọ́ ẹnu ahọ́n irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, kó tó sọ pé iṣẹ́ ọmọṣẹ́ dára tàbí kó dá a padà. Láti ìgbà tí Àrólé ti wà lọ́mọ ogún ọdún ló ti ń dúró lẹ́yìn ọwọ́ yẹn, tó ń retí ohun tó máa sọ, kò sì fìgbà kan gbọ́ ju "ó ṣe é wò" lọ.

"Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́," ni Bàbá wí. Ó tún wọ́ ọ. "Ó mọṣẹ́ gan-an. Èmi alára ò lè ṣe é."

Àrólé dúró gbagidi.

"Ṣùgbọ́n kò láàánú," ni Bàbá wí. "Ẹni tó lè jókòó ṣe irú nǹkan báyìí, kó wá tì í mọ́ ọmọ ènìyàn, kò láàánú lójú rárá."

Ó nàró. Ó wo òpópónà sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. Ó di ọwọ́ Àrólé mú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà nítòsí má baà gbọ́.

"Jẹ́ ká máa lọ," ló wí, "kó tó padà dé."

"Ibo là ń lọ, Bàbá?"

"Ibi tí kò ti ní rí ọ."

Awakọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, Àrólé mi orí sí i. Ó sọ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàbá rẹ̀, wọ́n bọ́ sí òpópónà, awakọ̀ sì ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Bàbá fà á wá sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ kì í gbà, ó fi ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa. Bí wọ́n bá ti rìn díẹ̀, á bojú wẹ̀yìn, á wò ó bóyá ọkùnrin tó ṣe àgádágodo náà ń bọ̀.